Ìyá Ajíhìnrere Tí Baálẹ̀ Pa Lẹ́nu Mọ́

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹnu ó yà yín! Baálẹ̀ Akínfẹnwá sọ fún Ìyá Ajíhìnrere Abígẹ́lì pé, "Bí o bá wàásù nílùú mi lónìí, màá wó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lé ẹ lórí." Abígẹ́lì ò jiyàn. Ó jókòó síwájú ilé Baálẹ̀, ó ṣí Bíbélì, ó wò ó, ó sì káwọ́ lérí bí ẹni tí olè kó ìsọ̀ rẹ̀. Ó wo Baálẹ̀, ó mi orí, ó tún wo ìwé. Èrò pé jọ. Ara Baálẹ̀ ò gbà á mọ́: "Kí lo rí níbẹ̀?" Abígẹ́lì fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé orúkọ mi ló wà níbẹ̀ ni? Kà á sókè, mo pàṣẹ!" Abígẹ́lì fò dìde, ó kà á, ó sì wàásù títí oòrùn fi wọ̀. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ ta gìrì: "Háà! Ta ló ní kó sọ̀rọ̀?" Gbogbo ìlú dáhùn: "Ẹ̀yin ni, Bàbá!"