Ìjàpá Gbẹ́ Ọmọ fún Ẹpìyà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kò dé etí mi. Àbí ẹ̀kọ tí ẹ jẹ ti dí yín lọ́nà ọ̀fun? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi ró jàbú, ó bọ́ sódò, ó rì, ó tún léfòó, ó gbá Ìjàpá ọkọ Yánníbo lẹ́sẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lọ bá Ẹpìyà nínú ibú. Bọ́látitó, yọ ọwọ́ lẹ́nu. Àlọ́ òní kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in báyìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dibọ́n bí ẹni tó ń tòògbé, mo rí yín o.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ẹja ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Àwẹ́rọ̀. Omi rẹ̀ dúdú lábẹ́ igi, ó sì mọ́ gaara níbi tí oòrùn bá ti rí i. Gbogbo ẹranko etí odò ló ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀. Ẹja ń jẹ kòkòrò, ẹranko ń jẹ ẹja. Kò sẹ́ni tó di ẹnì kankan sínú. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kálukú á fọ ìwọ̀ rẹ̀, á wé okùn mọ́ ọ̀pá, á gbé e kọ́ sára igi ọdán tó wà létí odò kí gbogbo ayé rí i. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi á fi kún. Ẹ mọ ìdí? Ìgbà yẹn ni Ẹpìyà ń tọ́mọ. Ẹ̀yin, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n yín. Ẹpìyà kò ní ẹ̀yìn tó gba ọ̀já. Ẹnu ló fi ń pọ̀n tirẹ̀. Inú ẹnu rẹ̀ ni ẹyin ti ń di ọmọ. Tí wọ́n bá lè lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, á tú wọn síta kí wọ́n ṣeré. Tí òjìji bá ti bo omi báyìí, á lanu, wọn á sì rọ́ wọlé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kì í jẹun. Ẹnu tí ì bá fi jẹun, ọmọ ló kún un.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo ẹranko gbé ìwọ̀ kọ́. Ìjàpá náà gbé ọ̀pá tirẹ̀ kọ́. Nírọ̀lẹ́, Yánníbo gbé iṣu sísun àti epo síwájú ọkọ rẹ̀. Ìjàpá wò ó bí ẹni tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ fún.

Ó ní, "Yánníbo, ẹja dà?"

"Ìwọ̀ ti gorí igi, baálé mi. Ẹ ní sùúrù."

"Ṣé ikùn mi náà ti gorí igi ni?"

Yánníbo tún da epo sí iṣu náà. Kò mọ̀ pé ọ̀pá tí ọkọ òun gbé kọ́ yẹn, kò sí ìwọ̀ lẹ́nu okùn rẹ̀. Ìwọ̀ wà lábẹ́ ìkarahun Ìjàpá. Ta ni yóò sì yẹ okùn ẹnìkejì wò? Ẹni tó bá dán an wò, òun gan-an ló máa dà bí olè lójú ará àdúgbò.

Ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ lọ síbi tí esùsú ti bo etí odò. Ó fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi. Ẹpìyà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ bojú wò ó. Ó mú ekòló kúrò, ó fi tata sí i. Ẹpìyà fi ìrù tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ikán sí i, ó fi èso ọ̀pẹ sí i. Omi sọ gbogbo rẹ̀ di rádaràda, ẹja kankan ò fẹnu kàn án.

Ìjàpá fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Ẹni tí kò fẹ́ jẹun, a kì í fi oúnjẹ tàn án. Kí ló ń wá gan-an? Ohun tó ń wá ni kí n gbé fún un."

Ó bá dùbúlẹ̀ nínú esùsú, ó ń ṣọ́ wọn. Ó rí i tí òjìji ẹyẹ kan bọ́ sórí omi. Ó gbọ́ orin tí ìyá ẹja fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ máa gbè é fún mi. "Ẹnu ìyá" ni kí ẹ máa wí.

Ọmọ Ẹpìyà, ilé dà?
— Ẹnu ìyá.
Òjìji ń bọ̀ lórí omi o,
— Ẹnu ìyá.
Ẹ wọlé kí n ti ìlẹ̀kùn,
— Ẹnu ìyá.

Wọ́n rọ́ wọlé, ó ku ẹyọ kan. Ọ̀kan á ṣáà kẹ́yìn. Ó ti rẹ èyí, ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó gbọ̀n, ó tún dúró. Ó ń kọrin, "Èmi ló kù, ìyá, dúró dè mí." Ìyá rẹ̀ yí padà, ó lọ bá a, ó lanu, ó rọra gbé e.

Ìjàpá rí i. Ó mi orí, ó dìde, ó lọ wá ọ̀bẹ.

Ó gé inú igi ọ̀gọ̀rọ̀ tó fúyẹ́, ó gbẹ́ ẹ bí ọmọ ẹja, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó jù ú sómi. Ó léfòó, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí òkú. Ó so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ó rì gbìì. Ìjàpá ní, "Ọmọ kì í rì báyìí." Ó wá òkúta tó kéré síi, ó tún wá èyí tó kéré síi, títí ọmọ igi náà fi dúró láàárín omi, tí kò lọ sókè, tí kò lọ sísàlẹ̀. Ó fi oje igi lẹ ìpẹ́ ẹja mọ́ ọn lára kó lè máa dán. Ó ṣa ìyẹ́ lékèléke nílẹ̀, ó fi ṣe ìrù fún un. Ó wá fi ìwọ̀ pamọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó gé ọparun, ó so okùn mọ́ ọn, ó ń kọ́ bí a ti ń fà á: fà á díẹ̀, dá a dúró, gbọ̀n ọ́n, dá a dúró. Ó kọ́ bí òun á ṣe dúró tí òjìji òun kò fi ní bọ́ sórí omi. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọlọ́gbọ́n ni. Ká ní ohun rere ló fi ọgbọ́n yẹn ṣe ni, à bá máa yìn ín.

Ó ju ọmọ igi sómi. Ó fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀, ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín: "Èmi ló kù, ìyá, dúró dè mí."

Ẹpìyà gbọ́. Kò kà wọ́n. Ìyá wo ló ń ka ọmọ nígbà tí ọ̀kan ń ké? Ó yí padà, ó lanu, ó rọra gbé e, kí eyín rẹ̀ má baà kàn án. Bí ìwọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. Ìjàpá já ọ̀pá sókè.

Nígbà tó balẹ̀ sórí koríko, ẹnu rẹ̀ ti yà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde bí ọkà bàbà. Wọ́n ń mira. Nígbà tó yá, wọn ò mira mọ́.

Ìjàpá gbé ẹja délé. Yánníbo ń fọ̀ ọ́, ló bá rí ọmọ kan tó há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Baálé mi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ọbẹ̀ ni mo ní kí o sè. N kò ní kí o béèrè ìdílé ẹja."

Yánníbo sè é, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, òun jẹ iṣu lásán. Ẹkún gbọ̀n ọ́n títí ó fi jẹun tán. Ìjàpá rí i, ó kọjú sí ògiri, ó ń lá ìka.

Lọ́jọ́ kejì ó mú òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta ó tún lọ. Ikùn rẹ̀ kún, kò dúró. Ó ń yan ẹja pamọ́ sínú agbọ̀n lókè àjà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí ó ń fún jẹ. Nínú odò, àwọn ìyá ń dínkù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn wà lẹ́nu ihò rẹ̀ lábẹ́ esùsú, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá Ẹpìyà kan tí ilé wọn kò jìnnà síra. Ẹ̀gbọ́n Ẹpìyà yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń wá.

Alákàn ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jókòó. Ẹ má wá ẹ̀gbọ́n yín mọ́. Ìjàpá ti fà á jáde."

"Báwo? Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹun."

"Kò fi oúnjẹ dẹ ẹ́. Ọmọ ló fi dẹ ẹ́. Igi ló gbẹ́ bí ọmọ, ó ń dán, ó ń gbọ̀n bí ọmọ nínú omi, Ìjàpá sì ń fi ohùn ọmọ kọrin lé e lórí."

Ẹpìyà wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré. Ó ní, "Kí ni kí n wá ṣe?"

"Tí àwọn tó wà nítòsí bá ti wọlé, ẹ pa ẹnu dé. Ohun tó bá kẹ́yìn, ẹ má lanu fún un."

Ìmọ̀ràn rere ni. Ire ni Alákàn fẹ́. Bí èmi náà bá wà níbẹ̀, ohun tí n bá sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìkuukùu bo oòrùn, omi ṣú. Ẹpìyà kọrin, àwọn ọmọ rọ́ wọlé, ó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù ti lọ ṣeré lábẹ́ ewé òṣíbàtà. Kò tètè gbọ́. Nígbà tó gbọ́, ó gbéra, ó ń bọ̀. Ẹ gbè é.

Èmi ló kù, ìyá, dúró dè mí,
— Ẹnu ìyá.
Ìrù ń ro mí, omi le,
— Ẹnu ìyá.

Ẹpìyà wò ó. Ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó gbọ̀n, ó tún dúró. Ara rẹ̀ ń dán. Bí Alákàn ṣe wí gan-an nìyẹn. Ọkàn kan ní, "Ọmọ mi ni." Ọkàn kejì ní, "Igi ni. Bí o bá lanu, gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀ ló máa kú sórí koríko." Ó pa ẹnu dé pinpin. Ọmọ náà dé, ó ń fi imú kan ètè rẹ̀, ó ń kan ìlẹ̀kùn.

Ìyá wá mọ̀ ọ́n lára. Imú náà rọ̀. Igi kì í rọ̀ báyẹn. Kó tó lanu, Àrọ̀, ẹja tó ń jẹ ọmọ ẹja, ti yọ láti inú ẹrẹ̀.

Ẹ má gbè é mọ́. Orin ti tán.

Ìjàpá kò mọ nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ju ọmọ igi sómi, ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀rọ̀ Alákàn ti kárí odò, gbogbo ẹnu ti pa dé. Inú bí i. Ó ní wọn ò gbọ́ ni, ó ju ìwọ̀ jìnnà sínú ibú. Ìwọ̀ sì kọ́ nǹkan ńlá kan. Ìjàpá ní, "Ìyá gbogbo wọn nìyí." Kí ó má baà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó wé okùn mọ́ ara rẹ̀ nídìí, ó ta á ní kókó.

Erinmi ni, olórí odò. Ó ń sùn nísàlẹ̀ ni ìwọ̀ fi kọ́ ọ létí. Ó dìde, ó jáde nínú omi, ó ń rìn lọ, ó ń wọ́ Ìjàpá gba inú esùsú tuurutu, títí ó fi dé ìdí igi ọdán níbi tí ọ̀pá gbogbo ayé wà. Àwọn ẹranko péjọ.

Erinmi ní, "Ìjàpá, kí lèyí tó wà létí mi?"

"Ọlọ́lá jùlọ, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Mo ní kí n fi ta yín lọ́rẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Yánníbo lọ sílé, ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú gbogbo wọn, ó sì lọ dúró sẹ́yìn. Alákàn wá ro gbogbo ohun tó rí. Àwọn kan ní kí wọ́n pa Ìjàpá. Erinmi ní ẹni tó jìyà ni kó dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹpìyà tí Alákàn gbà nímọ̀ràn.

Ó wá síbi tí omi kò ti jìn. Ó pẹ́ kó tó lanu. Ó tú àwọn ọmọ rẹ̀ síta, ó wá kọjú sí Ìjàpá.

Ó ní, "Ẹ má pa á. Mo ní iṣẹ́ kan fún un. Ìjàpá, lánàá ni ọmọ mi kanlẹ̀kùn, tí n kò ṣí fún un. Lónìí òjìji á tún bo omi. Àwọn yìí á rọ́ wá, ọ̀kan á kẹ́yìn. Ìwọ lo wo ọmọ mi títí o fi mọ̀ ọ́n gbẹ́. Kọ́ mi bí n ó ṣe mọ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ."

Ìjàpá, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wo omi títí. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní, "N ò mọ̀, ìyá. Mo gbẹ́ ẹ kí ẹ má baà lè mọ̀ ọ́n ni."

Ẹpìyà ní, "Ó dáa."

Wọ́n lé Ìjàpá kúrò létí Àwẹ́rọ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yánníbo kò bá a lọ lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ kan fò kọjá, òjìji bọ́ sórí omi, àwọn ọmọ rọ́ sẹ́nu ìyá wọn. Ọ̀kan kẹ́yìn. Alákàn ní, "Ọmọ yín ni." Erinmi ní, "Ọmọ ẹ ni, ìyá." Ẹpìyà wò ó, ó wò ó, kò lanu. Ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ tan ẹnìkejì jẹ, ọmọlúàbí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa jẹ ìyà náà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fi ẹkún irọ́ pe ìyá yín láéláé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ èyí tó kàn yín níbẹ̀.

Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí omi gbé ohùn mi lọ. Ó tó. Ẹ dìde, kí kálukú lọ síbi tí ìyá rẹ̀ wà.