Bí Òkété Ṣe Díyelé Ọgbà Adìyẹ

Ìyá Morádéùn oníyọ̀, tó pàtẹ tì mí lọ́jà, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Adìyẹ tó jẹ́ opó, àti Òkété tó mọ ilẹ̀ gbẹ́.

Ọmọ mẹ́fà ni Adìyẹ bí. Ẹtà jẹ méjì. Adìyẹ ní, "Ó tó. Mo máa sọ ọgbà yí ilé mi ká." Igba ẹyọ owó ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òkété sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òkété dé. Ó wo ilé, ó wo Adìyẹ.

"Ìyá, ọgbà yín máa gbówó o."

"Eélòó?"

"Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n ná. Ẹsẹ̀ kan, igi kan. Igi kan, ẹyọ kan."

Ó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré mọ́lẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ mi kéré, ọgbà gùn
*Tẹ̀ ẹ́, Òkété, tẹ̀ ẹ́!*
Igi ò gbọdọ̀ jìnnà sí igi
*Tẹ̀ ẹ́, Òkété, tẹ̀ ẹ́!*
Àlàfo ni ikú ń gbà wọlé
*Tẹ̀ ẹ́, Òkété, tẹ̀ ẹ́!*

"Igba ló pé, ìyá."

"Háà! Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn. Òkété, dákun, dín in kù."

"Èwo ni kí n dín kù? Igi ni, àbí ọmọ?"

Adìyẹ kówó sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè nájà.

Òkété gbẹ́ igba ihò níṣojú Adìyẹ. Bí Adìyẹ ṣe jáde lọ wá oúnjẹ ọmọ, Òkété fi ọgọ́rùn-ún ẹyọ ra igi, ó ri igi mọ́ ihò kan, ó fo èkejì. Ihò tó bá fò, ó sọ ẹyọ kan sínú rẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò jẹ́ gbé owó relé, torí olè bíi tirẹ̀ ni gbogbo ará ilé rẹ̀. Ó wá fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àlàfo. Ọgbà dúró, ó ń dán.

"Ẹ sùn, ìyá mi. Ẹtà ò lè wọlé mọ́."

Adìyẹ sùn. Ẹtà kàn fi imú ti imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ọmọ mẹ́ta lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Adìyẹ gbé ọmọ kan tó kù sá gun orí igi. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀ fi mọ́, tí Òkété fi yọ́ dé láti wá hú owó rẹ̀ kó tó di pé ariwo ta. Kò mọ̀ pé Ẹtà ṣì dùbúlẹ̀ sínú imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹtà gbá a mú níbàdí.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Owó yín wà nílẹ̀! Ọgọ́rùn-ún! Gbogbo ibi tí igi ò sí ni mo sin ín sí!"

Adìyẹ wò ó láti òkè. "Òkété, ṣebí o ní Ẹtà ò lè wọlé?"

Ẹtà ò jẹ́ kó dáhùn.

Nígbà tí Ẹtà yó, tó lọ, Adìyẹ sọ̀kalẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ń tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú u. Ọgọ́rùn-ún pé. Owó pé, ọmọ ò pé. Adìyẹ ka ọmọ, ó tún padà sídìí ilẹ̀ títú. Ó ń tú u títí dòní, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá.

Ibi tí Ìyá Morádéùn bá a dé fún mi nìyẹn. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ọjà mi má tà lọ́la.