Ìdí Tí Oró Kì Í Fi Í La Ẹnu Lọ́sàn-án

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fẹ́ lẹ́lẹ́, ó gba ojú oko gbígbẹ kọjá, ó dúró lórí Àràbà, Ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi Oró, àti Ọyẹ́ tí òùngbẹ kì í tán lọ́fun rẹ̀.

Láyé àtijọ́, gbogbo ewé ló lẹ́nu. Ẹnu náà kì í pa dé tọ̀sán-tòru. Òun ni igi fi ń mí, òun ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Oró. Ewé àwọn méjèèjì fẹ̀, ó sì tutù. Àràbà ni aládùúgbò wọn.

Lọ́sàn-án gangan, àlejò kan dé. Ó rí tín-ín-rín. Ó funfun bí eérú. Kò ní òjìji, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì hàn nílẹ̀. Ọyẹ́ ni.

Ó bá Àràbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èémí yín."

Àràbà wo ilẹ̀, kò rí òjìji. Ó gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù wọ̀ọ̀, ó dúró níhòòhò. Ọyẹ́ wá ẹnu lára rẹ̀ títí, kò rí.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èémí yín."

Oró sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọn ewé yín dànù bíi ti Àràbà."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní, "Ewé mi dára ju ohun tí mo lè dànù lọ. Àlejò, sún mọ́ mi."

Ọyẹ́ gbé ètè lé ewé rẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Omi gbòǹgbò, gòkè wá,
Fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́.
Omi inú igi, bá èémí jáde,
Fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́.

Omi ń gòkè, ó ń bá èémí jáde, ojú kò rí i. Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ, ó fàya.

Ó pè, "Oró, ó ń rẹ̀ mí."

Oró fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n Ọyẹ́ ti yíjú sí i, ó ń dúró kó la ẹnu. Oró fi agídí pa ẹnu dé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún pè é. Oró dákẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí koríko. Oró dákẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wó lulẹ̀.

Ọyẹ́ wá bá Oró. Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ọ́. Ṣé o kò ní dá a lóhùn ni?"

Oró ká ewé rẹ̀ kò, ó ká a títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́. Ó kó omi rẹ̀ sínú ara, ó fi awọ líle bò ó. Ẹkún tí kò lè sun di wàrà nínú rẹ̀, wàrà náà sì korò. Ọyẹ́ fẹnu kàn án. Ẹ̀gún gún un, wàrà jó o létè. Ó fi í sílẹ̀, ó ń kọrin lọ.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí ìrì sẹ̀, Oró la ẹnu díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́."

Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìdí nìyí tí Àràbà fi ń wọ́ ewé nígbà ọyẹ́, tí ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń fàya, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wá etí omi gbé. Ìdí nìyí tí Oró fi ní ẹ̀gún dípò ewé, tó sì ń tọ́jú omi sínú ara. Bí ẹ bá pè é lọ́sàn-án, kò ní jẹ́ yín. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kó tó la ẹnu.

Bí mo bá parọ́, kí Ọyẹ́ sán mi létè. Ẹ wò ó, ṣé ó sán?

Kò sán o.