Oníròyìn Tí Wọ́n Fi Ìròyìn Pamọ́ Fún

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn oníròyìn níbi iṣẹ́ rẹ. Mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó sórí àga náà, jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan ṣe àkàwé fún ọ.

Ọkùnrin yìí náà jẹ́ olórí oníròyìn, ní ilé iṣẹ́ rédíò ìlú kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú lójú ara rẹ̀. Ó máa ń gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fadérera, ọmọ ìlú míì, tí kò tíì lọ́kọ. Bí ọkọ̀ bá dànù lójú títì, Fadérera ni wọ́n ń rán. Bí odò bá gbé ọmọ lọ, òun ni yóò lọ bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú ọ̀gá ló máa ń bá gómìnà kiri. Òun náà ni wọ́n gbé ga ju Fadérera lọ, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí àwọn kan rọra sọ ọ́ sétí ọ̀gá, ẹ̀rín ló fi ṣe. Ó ní, “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì.”

Bí ọdún bá dé, Kérésì ni o, Iléyá ni o, Fadérera ni yóò wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá á ní, “Ìwọ tí kò lọ́kọ, tí kò lọ́mọ, kí lo fẹ́ sáré lọ ṣe nílé?” Obìnrin náà ń rù, oorun sì dá lójú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sunkún bó bá ti ibi jàǹbá dé. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Wọ́n ní ó ti di akin.

Bàbá rẹ̀ wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó tọrọ àyè láti lọ wò ó. Ọ̀gá ní ìdìbò ń bọ̀, kó ní sùúrù, iṣẹ́ kì í pani. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi gbé ọ̀dọ́kùnrin yẹn lọ kí àna rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Fadérera pe ọ̀gá lórí fóònù. Bàbá ti kú. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ fún un lójijì, kó kàn fi ẹnì kan tẹ̀lé e wálé. Ọ̀gá wo aago. Ìròyìn ọ̀sán kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà bíi Fadérera. Ó bá sọ ọ́ fún àwọn tó kù níbi iṣẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lanu sọ ọ́, kí Fadérera ka ìròyìn tán ná. Ó ní, “Ṣebí a kì í túfọ̀ fún èèyàn lójijì.”

Háà! Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ẹnu mi kò padé. Òótọ́ ni pé a máa ń fi ikú pamọ́, títí a ó fi rí àgbà tí yóò sọ ọ́, tí ọlọ́fọ̀ á jókòó, tí ẹnì kan á wà nítòsí tí yóò dì í mú. Àánú la fi ń ṣe é. Ta ló wá ní ká fi pamọ́ kí iṣẹ́ lè parí?

Fadérera ka ìròyìn tán, ó tilẹ̀ fi ẹ̀rín kí àwọn olùgbọ́ pé ó dàbọ̀. Gbogbo àwọn tó ń wò ó lẹ́yìn gíláàsì yàrá tó ti ń ka ìròyìn ló mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tó jáde, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀gá mú un wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ní, “Fadérera, jókòó. Ṣé o mọ̀ pé bàbá ti dàgbà. Wọ́n ti lọ sinmi.” Ó ti mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́ dè é.

Obìnrin náà kò kígbe. Ó yọ bírò, ó ní, “Ìròyìn aago mélòó ni ẹ fẹ́ kó wọ̀, sà?”

Ọ̀gá rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Kò fi í ṣẹ̀sín, ó ń dúró de èsì. Ó tún bi í pé, “Ẹni ọdún mélòó ni ká pe olóògbé?”

Ọ̀gá pè é lórúkọ, ó tún pè é. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sin bàbá rẹ̀ níṣojú rẹ̀, omijé kò bọ́. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ pé ó sunkún, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ tó jẹ́ pé òun lo máa ń rán, torí pé kì í kọ̀, torí pé kò sì sí ẹni tí yóò bá ọ jà nítorí rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ báyìí. Má sọ fún mi pé ó lágbára. Lọ pè é, kí o bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe wà, kí o sì fetí sí ohùn rẹ̀ bó ṣe ń dá ọ lóhùn. Bó bá dáhùn bí ẹni ń ka ìròyìn, má rán an níbì kankan mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ sílé.