Ẹ̀yìn Tí Kò Pọn Àwẹ̀ró

"Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀." Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú máa ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ní ìlú apẹja kan létí odò, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dárúkọ láyé àtijọ́: "Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀." Ọdọọdún lodò wọn ń kún. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọn a péjọ síwájú Baálẹ̀, wọn a pín ọkọ̀: èyí fún àwọ̀n, èyí fún ewúrẹ́, èyí fún èbù iṣu. Wọn kì í pín ọkọ̀ fún arúgbó. Àṣà wọn ni pé àgbà ilé ló ń jáde kẹ́yìn, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?

Lọ́dún kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dìde nípàdé náà. Òdìkejì odò ló ti lọ́kọ. Orúnkún Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ìyá náà kò sì gbà láti lọ gbé nílé àna.

"Baba, ìyá mi ò lè rìn. Bómi bá dé, ta ni yóò gbé wọn?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ ká máa pọn ìyá ẹ kiri bí ọmọ ọwọ́ ni? Àbùkù ńlá nìyẹn fún àgbà. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n tètè gbéra."

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

Omi dé lọ́sàn-án gangan, ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ wọkọ̀, àwọ̀n wọkọ̀, èbù wọkọ̀. Àwọn ará ilé Àwẹ̀ró jáde, wọ́n ní ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó bómi lọ. Nígbà tí omi fà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá òkú Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ilẹ̀kùn náà mú.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ sọdá odò wá láti ilé ọkọ rẹ̀, kò sunkún. Ó kọjú sí Baálẹ̀ níwájú òkú ìyá rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ loògùn, àbí? Ojú yín rí omi kó tó dé. Ẹnu yín yá láti pe ewúrẹ́. Ọwọ́ yín gbé àwọ̀n. Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Ta ló fi ẹ̀yìn ẹ̀ pọn ìyá mi? Nítorí ẹrù, gbogbo ara yín ṣiṣẹ́. Nítorí ìyá mi, ẹsẹ̀ nìkan lẹ lò, ẹ fi sá!"



Láti ọdún náà, wọn kì í pín ọkọ̀ kankan kí wọ́n tó dárúkọ àwọn tí kò lè sáré àti ẹni tí yóò pọn wọ́n. Ibẹ̀ lòwe náà ti yí padà: kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ewu bá ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí oníkálukú sì ń wo ojú ẹnì kejì. Kí omi tó dé ni wọ́n ń pa á. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òkú wà nílẹ̀ kó tó pa á, ẹlẹ́yà ló ń ṣe.