Bí Ìjàpá Ṣe Fi Màrìwò Sé Ara Rẹ̀ Mọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbìrìgbìrì, ó já sí etí òkun. Ó bọ́ sómi, kò rì. Ó léfòó títí, ó gúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá tó bí ìyá mi ló pa àlọ́ yìí fún mi, ìyá tirẹ̀ ló sì pa á fún un. Ọ̀rọ̀ ẹja la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtìjú la fi ń parí rẹ̀.

Ní ìgbà kan, àwọn ẹranko kan ń gbé ní erékùṣù kan láàárín òkun. Ẹja ni wọ́n ń jẹ, ẹja ni àwọn baba wọn jẹ. Wọ́n ń kó ńlá, wọ́n ń kó kékeré, wọ́n ń kó èyí tó gbé ẹyin sínú. Nígbà tó yá, òkun ò dá wọn lóhùn mọ́. Wọ́n á dẹ igèrè sómi, koríko ni wọn yóò bá nínú rẹ̀. Lékèélékèé ti ń wo òkè òkun, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ pé kí àwọn máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìyẹ́, níbo ni yóò gbà? Ilẹ̀ tí wọ́n ri ìwọ́ wọn mọ́ nìyẹn.

Ìyá Akàn, tó dàgbà jù nínú wọn, ló pè wọ́n jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "gbogbo yín lẹ mọ Kọ̀rọ̀, ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, tí omi rọra ń mí, tí koríko sì pọ̀ nísàlẹ̀. Yàrá ìbímọ àwọn ẹja nìyẹn. Inú yàrá abiamọ la ti ń lọ pa abiamọ. Ẹ jẹ́ kí a fi màrìwò yí i ká, láti orí iyanrìn títí dé inú omi. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ títí àwọn ọmọ ẹja yóò fi dàgbà."

Ọ̀nì, olórí ìlú, họ imú. "Bí ẹnì kan bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ìjàpá ronú kíá. Bí òfin bá le, ẹ̀rù yóò lé gbogbo wọn jìnnà. Bí wọ́n bá sì jìnnà, ta ni yóò máa wo òun? Ó dìde.

"Olórí, òfin tó ń ṣàánú, òfin yẹpẹrẹ ni. Ohunkóhun tí màrìwò bá yí ká, kí ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a óò tú màrìwò. Ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ ẹran, ì báà jẹ́ ẹni tó dábàá òfin."

Lékèélékèé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìjàpá, ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ àgbà báyìí?"

"Èmi náà ń dàgbà, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Gbogbo wọn búra. Wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn, wọ́n so màrìwò rọ̀ yí Kọ̀rọ̀ ká. Wọ́n pín ìṣọ́ rẹ̀ ní ìdá-ìdá, oníkálukú ń ṣọ́ ọ nígbà tí ìdá tirẹ̀ bá kàn. Ní àràárọ̀, Ìyá Akàn á kó ọmọ gbogbo ilé lọ sí etí okùn, á máa kọ́ wọn.

"Ẹ wo ìyẹn. Ikùn rẹ̀ yọ. Bí irú rẹ̀ bá kó sí igèrè yín lọ́la, kí lẹ ó ṣe?"

"A ó dá a padà sómi, Ìyá."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé abiamọ ni."

Àgbọn àti iṣu ni gbogbo ìlú wá ń jẹ. Yánníbo gbé abọ́ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Àgbọn ni, baálé mi."

"Àgbọn la jẹ láàárọ̀."

"Àgbọn náà la ó jẹ lálẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọkàn Ìjàpá kò balẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ìdá tirẹ̀ bọ́ sí, ìgbà tí oòrùn ti lé gbogbo ará ìlú wọlé. Ó jókòó lórí iyanrìn, ó ń wo inú omi. Ẹja ń kọjá, wọ́n ń dán yinrin yinrin. Itọ́ kún un lẹ́nu.

Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo búra pé n kò ní wọ inú màrìwò. N kò búra pé màrìwò kò ní sún fún mi."

Bí ó ṣe fa àwọn ọ̀pá tó wà lórí iyanrìn tu nìyẹn. Ó kó wọn wọ inú omi, ó tún wọn rì níbi tí omi ti mu ún dé àyà. Omi ẹ̀gbẹ́ iyanrìn wá bọ́ sí ìta màrìwò. Ó dẹ igèrè síbẹ̀, ó kó ẹja, ó sì dá àwọn ọ̀pá padà sí àyè wọn kí oòrùn tó rọlẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí ẹja?" ni Yánníbo bi í.

"Òkun ló gbé e sí mi lẹ́sẹ̀."

"Òkun yìí mà mọ ojú ẹni o."

Ìgbàkígbà tí ìdá rẹ̀ bá kàn ni òkun ń gbé ẹja sí i lẹ́sẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Àwọn ọmọ ẹja ń dín kù nínú koríko, Ìyá Akàn ń wo ibẹ̀, ó ń mi orí, kò rí ìdí rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, òjò àárọ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde. Nígbà tó dá, Ìyá Akàn kó wọn wá lọ́sàn-án. Ìjàpá wà nínú omi, ó tẹrí ba sórí igèrè rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wéwé tìtìtì. Ó fa àwọn ọ̀pá tu, ó sáré gbé wọn gun orí iyanrìn, ó ń rì wọ́n, gbì, gbì, gbì. Ó fa okùn le. Ó tún màrìwò tẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé okùn wà níwájú òun, omi wà lẹ́yìn òun, gbogbo ayé sì wà ní òdìkejì.

"Ìjàpá," ni Ìyá Akàn wí, "báwo lo ṣe dé inú màrìwò?"

"N kò wọ inú màrìwò, Ìyá. Mo ti búra."

"Ta wá ni mò ń wò yìí?"

"Màrìwò ló wá bá mi."

Ẹja kan ta pá nínú igèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Akàn wo igèrè náà. "Ìyẹn náà ló wá bá ọ?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀nì. Wọ́n tú ẹja sílẹ̀ kúrò nínú igèrè. Ọ̀nì ní kí wọ́n fa Ìjàpá jáde, kí òun nà án dáadáa.

Lékèélékèé ní, "Kò ṣeé ṣe, olórí. Ohun tí màrìwò bá yí ká kò gbọdọ̀ jáde. Mo rántí ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó ń dàgbà yẹn ni."

"Ẹ ṣàánú mi," ni Ìjàpá wí. "Ẹnu mi ló ṣe mí."

Òótọ́ sì ni, ẹ̀yin ọmọ. Ẹnu ló ṣe é, ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Yánníbo dúró ti okùn, ó ń sunkún. Ìyá Akàn gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Dákẹ́, ìyàwó wa. Òfin ní kí ohunkóhun má jáde. Kò ní kí ewé má wọlé."

Bí Yánníbo ṣe ń ti ewé gbúre gba abẹ́ okùn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, àwọn ọmọ ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ṣọ́ ẹja."

"Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ yé ẹyin ni?"

Ẹ̀rín sọ. Níbo ni Ìjàpá yóò sá sí? Ilé kan ṣoṣo tó kù fún un ni ìkarahun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa orí wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, orí a wọlé.

Bí wọ́n bá ti lọ, á yọjú. Kò sí ohun tí yóò wò bí kò ṣe ẹja. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ ló ń rí. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀: èyí tó ń sùn lábẹ́ òkúta, èyí tó ń lé ọmọ ẹlòmíràn, èyí tí ikùn rẹ̀ ń yọ.

Nígbà tí Kọ̀rọ̀ kún tí ẹja ń ṣàn jáde lọ sínú òkun, wọ́n tú màrìwò. Lékèélékèé kò sọ̀rọ̀ ìrìnàjò mọ́. Ọ̀nì ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sómi, ó gbé ẹja ńlá kan sókè, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́.

Ìjàpá yọ orí díẹ̀. "Ẹ dá ìyẹn padà, olórí. Yóò yé ẹyin láìpẹ́."

Ìyá Akàn wo ikùn ẹja náà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nì rọra dá a padà sómi. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá Ìjàpá. Ẹ̀rín ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ni Ìjàpá gbọ́, ó sì ti fa orí wọlé.

Ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi ń fa orí wọ inú ìkarahun rẹ̀ bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, tí ó sì ń jẹ ewé títí di òní. Bí ẹ bá rí i lọ́nà, ẹ má fi igi gún un. Ẹ dúró díẹ̀, yóò yọjú.

Èbúté àlọ́ mi nìyí. Bí mo bá purọ́, kí itọ́ ẹnu mi níyọ̀ bí omi òkun. Mo gbé e mì, ẹ wò ó. Kò níyọ̀.