Agbọ̀n Ẹ̀gúsí Àwọn Ọmọbìnrin Ìdí-Agbáyun

Ní ìlú Ìdí-Agbáyun láyé àtijọ́, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bá jọ bàlágà máa ń kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ọkọ. Ọjọ́ méje gbáko ni. Ijó àti eré ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní láti gbé agbọ̀n ńlá kan tó kún fún ẹ̀gúsí bíbó síwájú àwọn ìyá arúgbó tí kò lọ́mọ lọ́dọ̀. Ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ti le, ojú wọn kò sì gbé ẹ̀gúsí bíbó mọ́. Èyí tí wọ́n bá bù nínú agbọ̀n náà ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé ni Ìyálóde máa ń fún lórúkọ, orúkọ náà ni wọn yóò sì máa jẹ́ títí dọjọ́ alẹ́ wọn.

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ẹgbẹ́, Ojúọlápé sì ni olórí wọn. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe jó wọ ọjà, ẹni tó ń gbọ́ ọ á ti máa mi ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀. Akólòlò ni, ó sì ti sú u kí àwọn èèyàn máa bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ku oṣù méjì, Ìyá Fadérera, tí í ṣe ìyá ẹgbẹ́, gbé agbọ̀n náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fi ewé gbòdògì tẹ́ inú rẹ̀, ó sì to àwọn àpò ẹ̀gúsí tí àwọn ọmọ náà kó lóko tì í.

"Ẹ máa bó o bí ẹ bá ti ń pàdé," ni ó wí. "Ẹ̀gúsí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan."

"A ti gbọ́, Ìyá," ni wọ́n wí.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀. Ojúọlápé kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí gbogbo wọn di ṣùkú. Ọ̀sunbùnmi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ṣùkú ti pọ̀ jù nílùú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni kí wọ́n di. Ìpàdé méjì ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ irun. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi ọjọ́ kan pa àlọ́, kí wọ́n fi ọjọ́ kan gbá ọ̀nà odò. Òmíràn ní kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn bàbá wọn, kí àwọn bàbá sì sọ ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn jù. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Kó tó di ìpàdé kẹfà, àbá mọ́kànlélógún ni wọ́n ní fún ọjọ́ méje. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ẹ̀gúsí, á bó bíi mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ á sì gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbìyànjú. "Ẹ̀... ẹ̀gúsí yìí..."

"A mọ̀, Àwẹ̀ró," ni Ọ̀sunbùnmi wí. "Ó wà nínú ètò."

Lóòótọ́, ó wà nínú ètò. Wọ́n ti pín ara wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò bó o lọ́jọ́ wo. Ohun tí Ojúọlápé sọ fún Ìyá Fadérera náà nìyẹn nígbà tí ìyá ń lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní abúlé kejì, ọkàn ìyá sì balẹ̀. Láti ìgbà náà, Àwẹ̀ró nìkan ló ń yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà bó bá ti oko dé, tó ń bó ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀ wọn pé. Ìyá arúgbó mẹ́sàn-án dé pẹ̀lú igbá wọn. Ìyá Àjíún ló dàgbà jù nínú wọn, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ojúọlápé kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọjọ́ méjèèje lẹ́sẹẹsẹ fún wọn. Ó sọ ti irun, ó sọ ti àlọ́, ó sọ ti ijó. Ó ti rí i pé agbọ̀n kò kún, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ nítorí kò mọ ohun tí yóò ṣe bó bá dákẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó dùn létí," ni Ìyá Àjíún wí. "Ẹ mú mi dé ìdí agbọ̀n."

Àwẹ̀ró mú un lọ́wọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Apá rẹ̀ wọlé dé abíyá kí ìka rẹ̀ tó kan ẹ̀gúsí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí ká.

"Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo rò pé inú agbọ̀n yìí ló ń bọ́ sí." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. "Ta ló bó èyí?"

Àwẹ̀ró ní, "È... èmi ni, Ìyá."

"O ṣeun."

Àwọn ìyá náà gbé òfìfo igbá wọn, wọ́n ń lọ sílé. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì dun Ojúọlápé jù. Ó sáré tẹ̀lé Ìyá Àjíún, ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ń sunkún.

"Ẹkún náà kò ní í kún agbọ̀n," ni ìyá wí. "Dìde, lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Wọn kò jó lọ́sẹ̀ náà. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni wọ́n jókòó ti ẹ̀gúsí, títí èékánná Ojúọlápé fi sán. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ fún wọn. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Agbọ̀n kún ní ọjọ́ keje. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn ìyá, wọ́n sì lọ bá Ìyálóde.

"Ẹ ti ṣe ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe," ni Ìyálóde wí, "ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yín ti lọ. Ẹ padà wá lámọ́dún fún orúkọ."

Kí àmọ́dún tó dé, Ọ̀sunbùnmi àti ẹnìkan mìíràn ti lọ sílé ọkọ. Wọn kò jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ kankan títí wọ́n fi darúgbó. Àwọn yòókù bó ẹ̀gúsí kún agbọ̀n wọn kí wọ́n tó dárúkọ irun, Ìyálóde sì sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Afọwọ́ṣe.

Ojúọlápé náà di ìyá ẹgbẹ́ nígbà tó dàgbà. Bí àwọn ọmọbìnrin bá kóra jọ tí àbá bẹ̀rẹ̀ sí í gorí àbá, gbólóhùn kan péré ló máa ń sọ fún wọn, òun náà sì ni àwọn àgbà ń sọ títí dòní fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ń sáré ju ọwọ́ rẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.